Adolphe Sax, Ẹni Tí Ó Fi Ohùn Titun Sínú Idẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó dá wa lójú pé díẹ̀ ni ẹni tí kò tí ì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí nínú yín. Níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú àgbàlagbà, níbi ìwúyè, àti nílé ijó lóru, nígbà tí àwọn onílù bá ti lù dé ibi tí ó gbóná, fèrè idẹ kan a máa dìde láàrin wọn. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn lékèélékèé, ìdí rẹ̀ ká sókè, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà bí òdòdó. Bí ó bá fẹ́ sunkún, a sunkún bí opó. Bí ó bá sì fẹ́ yangàn, a yangàn bí ọba tí ó gun ẹṣin. Àwọn tí ń fọn ún a máa gba owó, àwọn tí ń gbọ́ ọ a máa ná owó, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni a sábà máa ń bá pàdé.

Saxophone ni orúkọ fèrè náà, orúkọ ènìyàn sì ni ó wà nínú rẹ̀. Sax ni orúkọ ìdílé ọkùnrin tí ó ṣe é. Apá kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ohùn. Nígbàkígbà tí a bá dárúkọ fèrè yìí, ohùn Sax ni a ń wí. Àwọn àgbà sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí. Kì í ṣe nítorí fèrè rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́, tí ó sì ń gbé e lọ sí ọjà. Ó ṣe ohun tí gbogbo ayé fẹ́. Ẹ ó sì rí ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́.

A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù November, ọdún 1814, ní ìlú Dinant, lẹ́bàá odò Meuse, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí. Antoine-Joseph ni orúkọ tí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n Adolphe ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ni Dinant jẹ́ láti ayébáyé. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú ìbí rẹ̀ ni àwo, ìkòkò àti ọ̀pá fìtílà tí wọ́n ń rọ níbẹ̀ ti ń dé ọjà ilẹ̀ òkèèrè, débi pé orúkọ ìlú náà ni àwọn Faransé fi ń pe irú iṣẹ́ idẹ bẹ́ẹ̀. Charles-Joseph Sax ni orúkọ baba rẹ̀. Iṣẹ́ igi ni baba náà kọ́kọ́ ń ṣe kí ó tó yí sí ìṣe ohun èlò orin. Ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ni ó sì fi kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí a bí Adolphe tí wọ́n fi kó lọ sí Brussels, níbi tí iṣẹ́ náà ti gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí William Kìíní, ọba Netherlands, tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, fi sọ Charles-Joseph di olùṣe ohun èlò orin fún ààfin.

Ìtàn ìgbà èwe Adolphe dàbí ìtàn àbíkú tí ó kọ̀ láti padà sí ọ̀run. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ti wí, ó ré lulẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fi orí lu òkúta, a sì rò pé ó ti kú. Ó mu omi tí a pò mọ́ ásíìdì, ó rò pé wàrà ni. Ó gbé abẹ́rẹ́ mì. Ẹ̀tù ìbọn gbaná mọ́ ọn lára. Ó ṣubú lu páànù tí ó gbóná. Ó sùn nínú yàrá tí a sá ohun tí a kùn ní fáníìsì sí, afẹ́fẹ́ olóró ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó já sí odò, omi ti ń gbé e lọ kí ẹnìkan tó fà á yọ. Ìyá rẹ̀ ti gbà pé ọmọ náà kò ní dàgbà, àwọn aládùúgbò sì ń pè é ní òkú tí ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ kò gbà fún ikú, ikú a máa ṣì í mú. Ọmọ náà yè, ó sì dàgbà di ẹni tí kò mọ ohun tí a ń pè ní ìfàsẹ́yìn. Ìwà yìí ni ó gbé e ga; òun náà ni ó sì kó o sí wàhálà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Inú ilé iṣẹ́ baba rẹ̀ ni ó ti tójú bọ́, láàrin ìró òòlù àti ìró fèrè tí a ń dán wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin nígbà náà mọ̀ ọ́n ṣe, wọn kò mọ̀ ọ́n fọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn afọnfèrè sì mọ̀ ọ́n fọn, wọn kò mọ bí a ti ń ṣe é. Adolphe kọ́ méjèèjì. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin ti Brussels, ó sì di ògbóǹtarìgì nínú fífọn clarinet, èyíinì ni fèrè igi tí a so ẹ̀là esùsú pẹlẹbẹ mọ́ ní ẹnu, tí esùsú náà sì ń gbọ̀n bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ní 1830, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ, ó gbé àwọn fèrè àti clarinet tí ó fi eyín erin ṣe lọ sí ibi ìfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ní Brussels. Ní 1838 ó gba ìwé àṣẹ lórí clarinet ńlá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Irú èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe ṣáájú kò dúró lórí ohùn, ó sì ṣòro láti fọn. Èyí tí Sax ṣe ni ó di ìpìlẹ̀ fún irú èyí tí ó wà títí di òní.

Ní 1841 ìfihàn iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tún wáyé ní Brussels. Ọ̀pọ̀ ohun èlò ni Sax kó lọ síbẹ̀. Àwọn onídàájọ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó tọ́ sí àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó kéré jù, nítorí bí wọ́n bá fún un ní wúrà ní ọdún yẹn, kò ní sí ohun tí wọn yóò tún fi yẹ́ ẹ sí ní ọdún mìíràn. Fàdákà tí a fi wúrà bò ni wọ́n gbé fún un. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ í wẹ̀, a máa ń bá àgbà jẹun. Ọmọ yìí wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, a sì ní kí ó lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kọ àmì ẹ̀yẹ náà, ó ní bí òun bá kéré jù fún wúrà, òun ti dàgbà jù fún èyí tí wọ́n mú wá. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti ń kúrò ní Brussels.

Ohun kan wà nínú ẹrù rẹ̀ ní àkókò yẹn tí ó níyelórí ju àmì ẹ̀yẹ èyíkéyìí lọ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọgbọ́n ọkùnrin náà fi ara hàn jù. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí a fi ṣe fèrè ni ó ń fún un ní ohùn: pé igi ni ó ń mú kí ohùn fèrè igi rọ̀, pé idẹ ni ó sì ń mú kí ohùn kàkàkí le. Sax kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú fèrè ni ó ń sọ̀rọ̀. Igi tàbí idẹ kò ju igbá tí a bu afẹ́fẹ́ náà sí lọ. Bí omi ti ń gba ìrísí igbá tí a bù ú sí, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gba ìrísí inú fèrè, ìrísí náà ni ó sì ń pinnu ohùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n inú fèrè lè fi idẹ ṣe fèrè tí ohùn rẹ̀ kò ní le bí ti kàkàkí.

Inú clarinet tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹ̀ bákan náà láti òkè títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀, bí ọ̀pá ìbọn. Nítorí èyí, bí afọnfèrè bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ fò sókè, ìpele 12 ni ó ń fò lẹ́ẹ̀kan. Ìka tí a fi tẹ ohùn kan nísàlẹ̀ kò ní bá a mu mọ́ lókè, àfi kí a tún kọ́ ìka mìíràn. Sax ṣe ti tirẹ̀ ní tín-ín-rín lókè, ó sì jẹ́ kí ó máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹnu ìsàlẹ̀, bí ìwo màlúù. Irú fèrè bẹ́ẹ̀ ń fo ìpele 8 péré, ohùn kan náà ni ó sì ń bá lókè, nítorí náà ìka kan náà ni a fi ń fọn ún lókè àti nísàlẹ̀. Idẹ ni ó fi ṣe ara rẹ̀. Ẹnu clarinet pẹ̀lú ẹ̀là esùsú rẹ̀ ni ó fi sí i lórí. Ohun tí ó jáde níbẹ̀ kì í ṣe fèrè igi, kì í sì í ṣe kàkàkí. Ó ní agbára tí a fi lè gbọ́ ọ ní pápá gbangba, ó sì lè rọ̀ kí ó sì tẹ̀ bí ohùn ènìyàn. Kò sì ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Odidi ìdílé ni ó gbèrò, láti orí èyí tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ọmọdé títí dé orí èyí tí ó ń dún bí àrá.

Iṣẹ́ tí ó wà nínú ṣíṣe é kò kéré. Láti orí idẹ pẹlẹbẹ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó gé e ní ìwọ̀n, a ó ká a, a ó fi iná lẹ ojú ibi tí etí rẹ̀ ti pàdé, a ó wá kì í bọ ọ̀pá irin tí ó tín-ín-rín lókè tí ó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, a ó sì máa fi òòlù lù ú títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọ̀pá náà. Lẹ́yìn èyí ni a ó lu ihò sí i ní ipò tí ìṣirò yàn fún ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ihò náà tóbi ju ohun tí ìka lè dí lọ. Nítorí náà ihò kọ̀ọ̀kan ní ìdérí tirẹ̀ tí a fi awọ tẹ́ nínú, ọ̀pá wẹ́wẹ́ àti sípíríǹgì ni ó sì ń ṣí wọn tí ó ń pa wọ́n dé. Bí ihò kan bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ohùn yóò wọ́. Bí awọ kan kò bá bo ihò rẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ yóò jò, fèrè yóò sì yadi. Alágbẹ̀dẹ, oníṣirò àti akọrin ni ó gbọdọ̀ pàdé nínú ẹnìkan ṣoṣo kí irú iṣẹ́ yìí tó lè jáde.

Ní 1842 Sax kó lọ sí Paris, olú ìlú Faransé. Ìtàn sọ pé owó tí ó wà lápò rẹ̀ kò ju 30 francs lọ. Ṣùgbọ́n Hector Berlioz, tí ó jẹ́ àgbà nínú àwọn tí ń ṣe orin, tí ó sì tún ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Journal des Débats, gbọ́ fèrè náà. Ní oṣù June ọdún náà ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì yìn ín tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ Sax fi gba gbogbo Paris kan. Àwọn olówó díẹ̀ yá a lówó, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní òpópó Saint-Georges. Gbọ̀ngán kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníbàárà ti lè jókòó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ọjà tí a bá tọ́ wò kì í pẹ́ tà. Ní oṣù February 1844 Berlioz fi saxophone sínú orin kan tí wọ́n ṣe ní gbangba ní Paris.

Ogun tí ó sọ Sax di olókìkí kì í ṣe ogun ìbọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pápá àwọn ológun ni wọ́n ti jà á. Orin àwọn ọmọ ogun Faransé ti rẹ̀yìn nígbà náà. Bí wọ́n bá fi wọ́n wé ti àwọn ará Prussia àti Austria, ojú a tì wọ́n. Sax ti ṣe oríṣi kàkàkí titun kan tí wọ́n ń pè ní saxhorn, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà láti kékeré dé ńlá, tí ohùn wọn sì bá ara wọn mu. Ó sọ fún ìjọba pé òun lè tún orin ológun ṣe. Àwọn tí ń ṣe ohun èlò àtijọ́ ní irọ́ ni. Ìjọba ní kí àwọn méjèèjì wá sí gbangba. Ní ọjọ́ 22 oṣù April 1845, ní pápá Champ de Mars, ẹgbẹ́ olórin méjì dúró kojú ara wọn. Carafa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ orin àwọn ológun, ni ó ṣáájú ẹgbẹ́ àtijọ́ pẹ̀lú ènìyàn 45. Ènìyàn 38 ni ó kù fún Sax, nítorí àwọn kan nínú àwọn tirẹ̀ kò wá. Wọ́n ní àwọn alátakò ti fi owó fà wọ́n sẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wá wòran. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì fọn tán, ariwo ayọ̀ àwọn èrò ni ó dá ẹjọ́: ẹgbẹ́ Sax, tí kò pọ̀ tó èkejì, ni ohùn rẹ̀ kún pápá. Ní ọdún náà gan-an ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun máa lo ohun èlò Sax.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ẹ ti mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn, ṣùgbọ́n ọjà àwọn ọmọ ogun kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ohun èlò ní Paris rí i pé oúnjẹ ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu àwọn. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n da owó pọ̀, wọ́n sì pe Sax lẹ́jọ́. Ní oṣù June 1846 ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí saxophone, èyí tí ó sọ pé fún ọdún 15 ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ tà láì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn alátakò ní kì í ṣe òun ni ó pilẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé kò sí irú fèrè bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹjọ́ kan bí òmíràn. Ọdún ń gorí ọdún, agbẹjọ́rò ń gba owó, Sax ń lọ sí kóòtù ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó wà nídìí ọ̀pá irin rẹ̀. Ní 1854 ilé ẹjọ́ dá a láre, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń ṣe ohun èlò rẹ̀ tà lábẹ́lẹ̀, ó sì tún ní láti pe àwọn náà lẹ́jọ́.

Bí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀bi kò wà lọ́dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn alátakò Sax jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ bí òun náà, wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ àti ìdílé láti bọ́, àṣẹ ìjọba kan ṣoṣo sì fẹ́ sọ iṣẹ́ ìran wọn di aláìníláárí lọ́jọ́ kan. Sax fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó mọ bí a ti ń tu ènìyàn lójú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ọkùnrin tí ikú lé títí tí kò bá kò kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀sọ̀ mú nǹkan. Ó gbà pé òtítọ́ òun tó, kò sì wá ọ̀rẹ́ láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní 1848 ọ̀tẹ̀ lé ọba Faransé kúrò lórí oyè, ìjọba titun sì fagi lé àṣẹ tí ó fún Sax ní ọjà àwọn ológun. Ọ̀wọ̀ kò kúrò lára rẹ̀: ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi ìfihàn ti Paris ní 1849, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ńlá níbi Ìfihàn Ńlá ti London ní 1851. Ṣùgbọ́n a kì í fi àmì ẹ̀yẹ san gbèsè. Ní 1852 ilé ẹjọ́ kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́. Ní 1853 kókó kan yọ sí i ní ètè, ó sì ń tóbi sí i títí tí jíjẹ àti mímu fi di ìṣòro fún un. Ẹ rò ó wò: ètè, ohun tí ó fi ń dán gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wò! Ó tó 1859 kí ó tó bọ́ nínú àrùn náà. Egbòogi dókítà kan tí àwọn ará Paris ń pè ní Dókítà Dúdú ni wọ́n ní ó wò ó sàn. Láàrin àìsàn náà, Napoleon Kẹta tí ó jọba ní Faransé tún dá ọjà àwọn ológun padà fún un ní 1854, ó sì fi í ṣe olùṣe ohun èlò orin fún ààfin. Ní 1857 ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá ti Paris gbà á láti máa kọ́ àwọn ọmọ ogun ní saxophone.

Ìwé àṣẹ rẹ̀ tí ó yẹ kí ó parí ní 1861 ni ìjọba fi ọdún 5 kún. Nígbà tí ó di 1866, ó parí pátápátá. Láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni tí ó ní òòlù àti idẹ lè ṣe saxophone tà láì fún Sax ní kọ́bọ̀. Ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ níbi ìfihàn ti Paris ní 1867, ṣùgbọ́n ogun tí Faransé bá Prussia jà ní 1870 pa kíláàsì rẹ̀ dé. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì tún ní kíláàsì saxophone mọ́ títí di 1942. Gbèsè tún bò ó mọ́lẹ̀ ní 1873 àti ní 1877. Ní 1877 náà ni wọ́n lu àwọn ohun èlò orin tí ó ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ní gbàǹjo, ohun èlò tí ó ju 400 lọ, àwọn àtijọ́ àti àwọn ti ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú. Ní 1887, tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan jáde, ó rọ àwọn ará ìlú láti rántí ohun tí òun ti ṣe fún orin ilẹ̀ Faransé. Ó kú ní Paris ní oṣù February 1894, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ Montmartre. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin di ilé iṣẹ́ náà mú lẹ́yìn rẹ̀, títí tí ilé iṣẹ́ Selmer fi rà á ní òpin àwọn ọdún 1920.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìtàn ìbànújẹ́ ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rere kì í bá ẹni tí ó ṣe é wọ ibojì. Ìdílé Distin, àwọn olórin ará England kan, ti pàdé Sax ní Paris ní 1844, wọ́n sì gbé saxhorn rẹ̀ padà sí ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ àti awakùsà ilẹ̀ náà gbà á, ó sì di egungun ẹ̀yìn ẹgbẹ́ olórin idẹ wọn. Nígbà tí Salvation Army dé Èkó ní 1920, irú ẹgbẹ́ olórin bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí a fi mọ ìjọ náà káàkiri ayé. Bí àwọn ọmọ wa bá sì gbé kàkàkí oníkòkò wọ̀nyí ní òpópónà, ìbátan iṣẹ́ Sax ni wọ́n gbé dání.

Ọ̀nà tí saxophone gbà gùn ju èyí lọ. Ó dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ olórin ológun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbẹ̀ ní ìlú Elkhart ní òpin àwọn ọdún 1880. Níbẹ̀ ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Coleman Hawkins, Charlie Parker, John Coltrane: àwọn wọ̀nyí ni ó mú ohùn jáde nínú rẹ̀ tí Sax fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí. Láti inú àwo orin wọn àti láti ọwọ́ àwọn olórin ijó ni ó fi dé etíkun wa. Bobby Benson fọn ún ní Èkó, Orlando Julius fọn ún. Fela, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1938, tí kàkàkí ni ó kọ́kọ́ kọ́, gbé e lé èjìká ní àwọn ọdún 1970, ó sì ń fi bá àwọn alágbára wí títí ó fi kú ní 1997. Fèrè tí a ṣe kí àwọn ológun lè máa fi yan ni ó padà di ohùn ẹni tí àwọn ológun kò lè pa lẹ́nu mọ́.

Kí ni a rí kọ́ nínú ìgbésí ayé yìí? Èkínní, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ohun titun gbọdọ̀ mọ iṣẹ́ náà dé ìsàlẹ̀. Ìgbà tí Sax béèrè ohun tí ó ń fún fèrè ní ohùn, tí kò gba ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn ti gbà, ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èkejì, pé ìwé àṣẹ dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti ṣọ́ ohun ìní ẹni. Bí agbẹjọ́rò bá ń jẹ níbi tí òòlù ti ń ṣiṣẹ́, kò ní pẹ́ tí àwo yóò fi ṣófo. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ní láti mọ ìṣirò owó, bí òun kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí ó wá olóòótọ́ tí ó mọ̀ ọ́n; kí ó sì tún mọ bí a ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ gbé. Èyí tí ó kẹ́yìn kan àwa tí a ń gbádùn iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ìgbà tí oníṣẹ́ ọwọ́ wà láàyè ni owó wa ń wúlò fún un.

Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba Bẹ́ljíọ̀m ya àwòrán Adolphe Sax pẹ̀lú saxophone rẹ̀ sára owó bébà 200 francs, wọ́n sì ń ná an títí tí owó euro fi gba ipò rẹ̀ ní 2002. Ọkùnrin tí ilé ẹjọ́ kéde ní onígbèsè lẹ́ẹ̀mẹta ni ojú rẹ̀ wà lára owó, tí àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn awakọ̀ ń fi í ra búrẹ́dì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n à bá yọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní díẹ̀ nínú owó náà dé ọwọ́ rẹ̀ ní 1877, kí wọ́n tó lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo.